Onírun Kúrò Lórí Òkúta

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn dáadáa. Mi ò rí i."

Aránṣọ gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì. Àwọn ẹja méjèèjì wà nínú àpótí omi iyọ̀ náà, aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n ń sùn lé ti ṣófo. Onírun ti kúrò níbẹ̀. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sọ ẹranko òkun náà lórúkọ yẹn, nítorí ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó bo gbogbo orí rẹ̀ bí irun tí wọn kò yà. Inú irun yẹn ni àwọn ẹja fi ṣe ilé. Àtẹ́lẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Onírun fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí ìgbín, ara gíláàsì ló sì lẹ̀ mọ́ láàárọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tó ń fa omi.

"Kí lo ṣe sí i?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Mi ò fọwọ́ kàn án o."

"Ṣé ó kàn dìde, ó ń rìn ni? Fà á kúrò níbẹ̀, kó o dá a padà sórí òkúta. Bí ọ̀pá yẹn bá fà á wọlé, gbogbo wọn ló máa kú. Màá wò ó ní aago méjìlá."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ra ẹja wọ̀nyí tán ló lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ọdún kẹta rèé. Aago mẹ́sàn-án, aago méjìlá, aago mẹ́ta, aago mẹ́fà ló ń pè láti wò wọ́n. Ó ní omi inú àpótí ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Bí wákàtí mẹ́ta bá kọjá lójú ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò bu omi tí kò níyọ̀ sí i, Onírun á kú. Ibi tí èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta kò pọ̀. Àwọn oníbàárà ti gba ibòmíì lọ, eruku ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá kan tó ní ilé ìránṣọ ńlá wá ní kó wá máa bá òun gé aṣọ, aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin.

"Mo máa retí ẹ di Mọ́ńdè, ọmọ mi," ìyá náà wí. "Tí mi ò bá rí ẹ, màá mú ẹlòmíì."

Òní sì ti di Fúráídè.

Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó fa Onírun. Kò mira. Ó tún fà á, ó rí i tí etí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ya bí aṣọ tó ti gbó, ó yára jáwọ́. Ẹja tó tóbi jù ń bù ú jẹ lọ́wọ́. Inú bí i sí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sáré lọ bá ọkùnrin tó ta ẹja náà fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fà á kẹ̀?" Ẹlẹ́ja figbe ta. "Ẹ má dán an wò mọ́! Tó bá ya, á kú, á sì ba omi jẹ́. Ibi tẹ́ ẹ fi í sí ni ò bá a lára mu. Ẹ fi fóòmù wé ẹnu ọ̀pá yẹn, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Á rìn títí á fi rí ibi tó wù ú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára mú fóòmù náà wá. Mo gbọ́dọ̀ bu omi sí i ní aago méjìlá."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fọwọ́ bù ú? Ṣé ẹ̀rọ tó ń bù ú ti bàjẹ́ ni?"

"Ẹ̀rọ wo?"

Ẹlẹ́ja bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èyí tí ọkọ yín rà lọ́jọ́ tó ra àpótí. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀, á bu òmíì sí i fúnra rẹ̀. Èmi ni mo bá a dì í. Kódà láìsí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó." Ó rẹ́rìn-ín. "Aǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ ẹja ni, àbí ẹja ló ń ṣọ́ yín?"

Aránṣọ sanwó fóòmù, ó sáré lọ sílé.

Nígbà tó délé, ó fi fóòmù wé ẹnu ọ̀pá, ó sì wá ẹ̀rọ náà kiri. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀ ló ti rí páálí rẹ̀, lábẹ́ àwọn bàtà tí kò wọ̀ mọ́. Téèpù tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Aránṣọ jókòó sílẹ̀, ó sunkún gidigidi. Ìyá tó bí i lọ́mọ ṣàìsàn títí ó fi kú, ẹgbẹ́ ibùsùn rẹ̀ gan-an lòun ti ń wo aago, kóun má bàa pẹ́ padà sídìí ẹja.

Aago méjìlá lù, fóònù dún.

"Ṣebí mo ní kó o fà á kúrò?"

"Ẹlẹ́ja ní ká fi í sílẹ̀."

"Ẹlẹ́ja? O jáde nílé?"

Ọkọ rẹ̀ kò béèrè ohun tí ẹlẹ́ja sọ nípa ẹja. Aránṣọ gbọ́ ìyẹn, ó yé e yékéyéké. Ó bu omi sí àpótí lójú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀bẹ ya téèpù.

Ní Mọ́ńdè, ó ti gé aṣọ méjì parí ní ilé ìránṣọ ńlá náà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Aago mẹ́sàn-án géérégé.

"Ariwo kí nìyẹn? Ibo lo wà? Ẹja dà?"

"Wọ́n wà nílé. Onírun ti lọ jókòó sí ẹ̀yìn òkúta nísàlẹ̀, àwọn ẹja sì ti bá a lọ."

"Ta ló wá ń bu omi sí i?"

"Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ bàtà yín ni."

Aránṣọ dúró dè é, bóyá ó máa bẹ òun, bóyá ó máa jágbe. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Aago mẹ́rin la máa ń ṣíwọ́," ó wí níkẹyìn. "Màá pè yín tí mo bá ráyè."

Ó pa fóònù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó ń gé aṣọ kẹta lọ.