Méjì Nínú Mẹ́wàá

Ní ilé Tíṣà Dúrótìmí l'Ọ́fà, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní kì í ṣe ọjọ́ eré. Àwọn ọmọ ilé mìíràn ṣì lè máa gbé ìrẹsì ọdún kaná, ọmọ Tíṣà a ti jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bébà funfun kan àti bírò. Ìbéèrè mẹ́ta ni yóò dáhùn: Kí ni mo fẹ́ mọ̀ lọ́dún yìí? Ta ni yóò kọ́ mi? Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n? Tíṣà á gba bébà náà, á yọ bírò pupa, á sì máàkì í lórí mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá gba tó méje yóò lọ tún un kọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Tíṣà bí, Ọmọ́yẹni, nítorí náà gbogbo bírò pupa yẹn, orí ẹnì kan ṣoṣo ló ń dà sí.

Kí a má parọ́ mọ́ bàbá náà, ohun tó ń ṣe dára. Ó pẹ́ gan-an tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti rí ọmọ rẹpẹtẹ tí wọ́n mọ̀wé bí ẹni ń mumi tí wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé ìwé náà lọ. Ó ní ìpinnu tí kò lọ́jọ́, àlá ọ̀sán gangan ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa rán ọmọ wọn wá kọ ètò ọdún lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti di èèyàn gidi lónìí. Ibi tí Tíṣà ti ṣì í ṣe ni pé ó rò pé ohun tí ọkàn ọmọ fẹ́ ṣeé máàkì bí ìṣirò.

Ọdún kejì nìyí tí Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ní oṣù kejì ọdún yìí, àwọn ẹbí ìyàwó wá láti Òjòkú láti pín aṣọ olóògbé, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì ṣí àpótí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn ìró tí ìyàwó rẹ̀ kò fi ṣeré, ó rí bébà kan tí wọ́n ká sínú ọ̀rá. Ó dá bírò pupa ara rẹ̀ mọ̀ kí ó tó dá ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀ mọ̀. Méjì nínú mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí: “Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ iṣu kan di ogún èèbù. Bọ̀dá Àkànbí ni yóò kọ́ mi, l'Ójòkú. Ní oṣù kẹrin, màá gbin igba èèbù. Ní oṣù kejìlá, màá wa wọ́n. Tí àádọ́jọ bá ta dáadáa, mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn náà, màá lọ kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, kí n lè mọ ìdí tí àádọ́ta yòókù kò fi ta.”

Lábẹ́ rẹ̀ ni Tíṣà kọ ọ́ sí pẹ̀lú bírò pupa pé: “Èyí kì í ṣe ètò. Tún un kọ.”

Gbogbo rẹ̀ padà wá sí i lọ́kàn. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ọmọ́yẹni. Ó ti lo gbogbo họlidé rẹ̀ lọ́dọ̀ Àkànbí, àbúrò ìyá rẹ̀, ó sì padà dé pẹ̀lú erùpẹ̀ léèékánná, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ lórí èèbù. Tíṣà sọ fún un pé òun kò sá kúrò nídìí ọkọ́ bàbá òun kí ọmọ òun tún lọ gbé e. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó jókòó, ó tún un kọ, ó ní akántáǹtì lòun fẹ́ ṣe, ó fi ọjọ́ ìdánwò kọ̀ọ̀kan sí i, ó gba mẹ́sàn-án. Tíṣà ní kí ó fa ti àkọ́kọ́ ya. Àrìnpé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ fi dáná, ó sì fi í pa mọ́ títí ó fi kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ka bébà náà lórí ìdúró, ó tún un kà. Ó mọ ètò dáadáa bó bá rí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nínú gbogbo èyí tó ti máàkì láyé rẹ̀, kò sí èyí tó ṣe kedere tó èyí. Ojú tì í níwájú àwọn àna rẹ̀, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó sì fi aṣọ olóògbé nu ojú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló gbéra lọ bá Àkànbí. Ó sọ fún un pé òun fẹ́ dá ohun tí òun gbà lọ́wọ́ ọmọ òun padà fún un, pé kí ó fi ilẹ̀ díẹ̀ han òun. Àkànbí wo ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ bí ọwọ́ ìkókó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún un nílẹ̀. Bí bébà ti wí gẹ́lẹ́ ni Tíṣà ṣe é. Ní oṣù kẹrin, wọ́n gé iṣu wẹ́wẹ́, wọ́n fi eérú ra ojú ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbin igba. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ń gun ọ̀kadà lọ sí Òjòkú ní gbogbo ọjọ́ Túsìdé àti Fúráìdé, ó ń roko, ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Nígbà tí Àkànbí bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà ti di ọmọ kíláàsì kìíní, ó máa ń dùn mọ́ ọn nínú.

Kò sọ fún Ọmọ́yẹni. Ìbàdàn ni ọmọ náà wà, akántáǹtì ni ní iléeṣẹ́ kan, ó sì ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Títí di oní ló ṣì ń fi ètò ọdún ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù ní gbogbo oṣù kìíní, bàbá náà sì ń fún un ní mẹ́sàn-án. Ohun kan ṣoṣo tí Tíṣà ń fẹ́ báyìí ni pé kí ọmọ rẹ̀ rí oko náà, kí ojú rẹ̀ tún tàn bó ṣe tàn nígbà tí erùpẹ̀ wà léèékánná rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èèbù náà ní oṣù kejìlá, mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ló ta dáadáa. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá fi ebè mẹ́wàá sílẹ̀ láìwa kí ọmọ rẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ wa wọ́n.

Ọmọ́yẹni wọlé nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ méjì. Bàgì mẹ́ta ló gbé wálé, pẹ̀lú fáànù àti sítóòfù gáàsì. Èèyàn kì í gbé fáànù bọ̀ wá ṣọdún, afọ́jú gan-an yóò bèèrè. Tíṣà kò bèèrè, ayọ̀ kò jẹ́ kí ó ríran.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú un lọ sí Òjòkú. Èèbù wà ní títò nínú abà Àkànbí, kò sí èyí tó yẹ̀ nínú ìlà. Tíṣà yọ bébà náà nínú ọ̀rá, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì dúró. Ọmọ́yẹni kà á tán, ó tún yí i padà bí ẹni pé yòókù wà lẹ́yìn.

“Èmi ni mo kọ eléyìí?”

“Ọwọ́ rẹ nìyẹn.”

“Mo rí i pé ọwọ́ mi ni, Daddy. Ọmọ yẹn ni mi ò rántí.”

Tíṣà rò pé ó ń tijú ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá: ilẹ̀ wà, Àkànbí ti gbà, òun ti wádìí ilé-ìwé àgbẹ̀ tó ń gba àgbàlagbà, oṣù kẹta ni fọ́ọ̀mù yóò jáde, lọ́dún tó ń bọ̀ èèbù yóò di ẹgbẹ̀rún. Ó sọ ọ́ títí dé ọdún karùn-ún. Ọmọ́yẹni kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń gbọ́. Bó ṣe máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nìyẹn nígbà tí bírò pupa bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, Tíṣà kò sì kíyè sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, tó bi í pé báwo ló ṣe rí i.

“Ó dára, Daddy. Ó lọ́jọ́, ó ní olùkọ́. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó wò ó, ó rí i pé ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọmọ́yẹni ti wá sọ fún un pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Kò sẹ́ni tó lé òun, kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni òun jókòó sídìí tábìlì òun, tí òun ń wá ohun tí òun ń ṣe níbẹ̀, tí òun kò rí i. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn gan-an ló ń dun bàbá rẹ̀.

“Ètò tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín ní oṣù kìíní, ọ̀kan náà ni fún ọdún mẹ́rin. Déètì nìkan ni mo ń yí. Mẹ́sàn-án lẹ ń fún mi.”

Tíṣà jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ kan tó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó ti ń kà wọ́n, déètì ló ń wò, ó ń wò bóyá gbólóhùn gún. Kò wo ọmọ rẹ̀ nínú wọn rí.

“Kí lo wá fẹ́, ọmọ mi?” Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò bi í ní ìbéèrè yìí rí láìsí bébà láàárín wọn.

Ọmọ́yẹni rò ó. Ó rò ó tọkàntọkàn, ojú rẹ̀ ń wá kiri nínú abà náà, omi sì lé sí i, nítorí ó fẹ́ dáhùn, kò sì rí nǹkan kan.

“Ẹ sọ ọ́ fún mi, Daddy,” ni ó wí. “Màá ṣe é.”

Àkànbí, tí kò mọ nǹkan kan, pè wọ́n láti inú oko pé oòrùn ti ń mú, kí Ọmọ́yẹni wá wa ebè tirẹ̀. Ó lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó gba àdá, ó rọra tú ebè àkọ́kọ́, ó fa èèbù yọ, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí ó tó kan èkejì, ó gbé e sókè sí bàbá rẹ̀ tó ti tẹ̀lé e dé ẹ̀bá oko.

“Daddy, ṣé bó ṣe yẹ nìyí?”

Tíṣà yí ojú sẹ́yìn kí ọmọ rẹ̀ má baà rí máàkì kankan lójú òun. Ó ń sunkún. Ọmọ́yẹni kò kan ebè kejì, ó gbé èèbù náà dání, ó ń dúró kí bàbá rẹ̀ dá òun lóhùn.