Ààwẹ̀ Dókítà Mùtíù

Ilé ìwé tí Mùtíù sún mọ́ jù láyé rẹ̀ ni èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìgándò, ògiri rẹ̀ ló sì máa ń tọ̀ sí. Síbẹ̀, ó ra kóòtù funfun, ó ní kí a máa pe òun ní Dókítà. Ìyẹ̀fun ló ń tà. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni, irú sẹ́ẹ̀lì tó lè di ẹ̀jẹ̀, tó lè di eegun, tó lè di awọ. Kí ẹ pò ó mọ́ omi, kí ẹ mu ún, ó parí. Ó ń wo ojú, ó ń wo orúnkún, ó ń wo ọkọ tí kì í sùn sílé. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyókù, àfi kí a bi èlùbọ́.

Àlàájà Fàúsátù, tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, ti da oògùn ọsibítù sínú agolo, ó pa á tì, ìyẹ̀fun Mùtíù ló ń mu. Nígbà tí Qonitah ọmọ rẹ̀ ti òkè òkun dé fún Iléyá, egbò ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ń rùn. Qonitah ti gboyè dókítà tán, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ gan-an ló sì ń ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀.

"Màámi, ṣúgà ni Bùrọ̀dá Mùtíù ń fún yín mu."

"Ìwọ ńkọ́, kí lò ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tìrẹ jẹ?"

Qonitah wolẹ̀. "Ṣúgà ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n."

Qonitah ní inú àwo ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe inú ara èèyàn. Ó ní ohun tí sẹ́ẹ̀lì bá jẹ máa ń yí àmì tó wà lára jíìnì rẹ̀ padà, àmì yẹn ló sì ń sọ fún un bóyá ẹ̀jẹ̀ ni kó dà tàbí eegun.

"Ta lẹ ti fi wò sàn?"

"A ṣì ń wádìí ni, mà."

"Mùtíù ti wo gbogbo Ìgándò títí dé Ìdímù sàn. Ẹ máa wádìí lọ jàre."

Lọ́jọ́ Iléyá, bí a ṣe ti Yídì dé, tí wọ́n dú àgbò nílé Àlàájà, Mùtíù wọlé, ó gbé kóòtù lé léèsì nínú ooru. Ó kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ díndín, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá na ọwọ́ ọ̀rá sí Qonitah. "Ẹ̀yin èèyàn, iṣẹ́ kan náà lèmi àti ọmọ yìí ń ṣe."

Ohun tí Qonitah ń retí nìyẹn. Ó dìde, ó tú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti fi dójú tì í: sẹ́ẹ̀lì, jíìnì, àmì, oúnjẹ. Àwọn aláìmọ̀kan tó jókòó síbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì yíjú sí Mùtíù, wọ́n ní kó fún àwọn ní ìyẹ̀fun. Ó ti bá Mùtíù polówó ọjà.

Qonitah pa ìmọ̀ tì. Ó po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi nínú ife, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Mùtíù. "Bùrọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí màámi tó mu ún."

Ta ló máa gbé nǹkan mímu fún àgbà tí kò ní tọ́ ọ wò? Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà ń bá Mùtíù náà jà, oògùn ọsibítù sì wà nínú àpò kóòtù yẹn gan-an. Ó wo ife. Ó làágùn.

"Mo ń gbààwẹ̀," ló wí.

Ọ̀bẹ dúró lára àgbò.

"Ààwẹ̀ kẹ̀," ni Àlàájà wí, ohùn rẹ̀ rọra. "Lọ́jọ́ Iléyá? Ọjọ́ tí ààwẹ̀ jẹ́ haráàmù?"

"Ààwẹ̀ gbèsè ni, mà."

"Ẹ̀dọ̀ tó wà létè rẹ ńkọ́, òun náà ń san gbèsè ni?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Mùtíù nu ẹnu, ó gbé àpò ẹran tí wọ́n pín fún un, ó jáde. Irú wọn kì í gbàgbé ẹran.

"Ẹni tó lè parọ́ mọ́ Ọlọ́run lónìí," ni Àlàájà wí, "kí lèmi jẹ́? Ẹ gbé agolo yẹn wá." Ó gbé oògùn rẹ̀ mì, ó ní ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá òun nílé, ọsibítù lòun ń gbé ẹsẹ̀ yìí lọ.

Omi lé ròrò lójú Qonitah. "Màámi, ẹ ti wá gba ìwádìí wa gbọ́."

"Ìwádìí wo? Ààwẹ̀ Mùtíù ni mi ò gbà gbọ́." Ó ti abọ́ ìfun àgbò sí i níwájú. "Fọ eléyìí. Ṣebí ohun tí nǹkan jẹ lò ń wádìí."