Fọ́tò Bàbá Ló Wúwo

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Wẹ́bùsáìtì tí mo ṣe fún Ìyá Mojeed rẹwà, àmọ́ kì í tètè ṣí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn ló ń ta aṣọ òfì tí wọ́n ń hun lágboolé wa n'Ísẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ófíkì, fìlà Bàbá lẹ máa kọ́kọ́ rí, ibẹ̀ náà ló sì máa dúró sí.

Bàbá ni Alhaji Kàdírì, olórí agboolé wa. Ìyá Mojeed ní a kì í wọ agboolé ká má kí bàbá ilé, torí náà fọ́tò Bàbá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kó kún ojú fóònù. Bó ṣe tinú kámẹ́rà jáde gẹ́lẹ́ ni mo ṣe gbé e sí i, látòkè ló sì ń yọ díẹ̀díẹ̀, fìlà ló ń ṣáájú.

Ìyá ìyàwó kan wá pè láti Òfíkì, wọ́n fẹ́ yan aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ìyá Mojeed ṣí ohùn fóònù síta.

"Mo ti rí fìlà," ni màmá yẹn wí. "Fìlà dáa. Aṣọ ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ̀wà tí mo gbé kaná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, fìlà náà ni mo ṣì ń wò. Tí mi ò bá rí aṣọ títí a ó fi kírun ọ̀sán, màá lọ rà á ní Ṣakí o."

Wọ́n pa fóònù. Ìyá Mojeed wò mí.

"Ramlah, ìwọ lo ní nǹkan yìí á bá wa tajà. Ṣé fìlà la wá ń tà ni?"

"Ẹ jẹ́ n sọ fọ́tò Bàbá di kékeré, mà. Òun ló wúwo."

"Bàbá ló wúwo? Lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra ẹ."

Mo lọ. Bàbá wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń ta òwú tí wọ́n máa fi hun aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé ọ̀nà tóóró ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òfíkì, fọ́tò wọn ló dí i, gbogbo aṣọ wá ń dúró lẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Fàtímọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa, gbé ẹrù òwú kọjá. Wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," wọ́n ń lọ.

"Ṣé Fàtímọ̀ kúnlẹ̀?" ni Bàbá bi mí.

"Rárá, sà. Ẹrù wà lórí wọn."

"Arẹ́rù kì í kúnlẹ̀. Tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á padà wá kí mi. Ẹrù làwọn aṣọ yẹn. Jẹ́ kí wọ́n kọjá."

Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo sọ fọ́tò Bàbá di kékeré lókè. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa rí i ní ńlá. Mo dín tàwọn aṣọ náà kù, mo sì ṣe é kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ má tíì wá àfi téèyàn bá fa ojú fóònù débẹ̀. Mo fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń rá pálá dán an wò. Aṣọ yọ wéré.

A pe màmá Òfíkì padà. Ìyá Mojeed tún ṣí ohùn síta, ó ń dún dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

"Àlàárì kejì yìí," ni wọ́n wí, "ẹ bá mi gbé e pamọ́. Bàbá onífìlà dà?"

"Ẹ tẹ fọ́tò kékeré yẹn, mà," ni mo wí.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dúró dè é. Nígbà tó ṣí, wọ́n ní, "Ẹ káàsán, Bàbá."

Bàbá dáhùn láti abẹ́ àtíbàbà, bíi pé ẹnu ọ̀nà ni màmá náà dúró sí.