Ìpè tí Alàájì Gàrúbà Ò Gbé

Ẹ má bá mi wí bí mo bá ń pariwo. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì wa n'Ìkirè lọ́jọ́ náà tí kò pariwo, a jẹ́ pé odi ni.

Alàájì Gàrúbà, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ fóònù wa, ọmọ Ìkirè ni. Ó ti fọ́nnu ní mọ́ṣáláṣí pé ìlú òun lòun ó kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ tuntun. Mo ní, "Sà, a ò tíì dán an wò tán." Ó ní ojo ni mí. Mo ní òjò kàn ṣú ni, kí wọ́n má tíì da omi agbada nù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀ ná. Wọ́n pa á, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tà á. Ẹ gbọ́ o!

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo láìnì Ìkirè àti Àpòmù kú fin-ín fin-ín. Tèmi ń lọ, torí Ìbàdàn ni mo ti gbà á. Àwọn oníbàárà kún ọ́fíìsì, wọ́n ń bú ìyá tó bí mi. Mo pe Alàájì l'Ékòó, mo pè, mo tún pè. Níkẹyìn ó jágbe: "Ràhmọ̀t! Tó o bá tún pè mí lónìí, wáṣẹ́ mìíràn!"

Ọ̀sán ni Àbídì, àbúrò Alàájì, já wọlé láìwọ bàtà.

"Ọmọ mi, ìyá wa ti kú. Láìnì ẹbí wa kankan ò lọ. Bá mi pe Bùọ̀dá l'Ékòó."

Mo pè é, ó gé e. Mo tún pè, ó gé e. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kò kà á. Akọ̀wé ẹ̀ ti gbàṣẹ pé kó má gbé ìpè Ìkirè kankan. Mo yá fóònù oní-dòdò iwájú wa, tó ń lo iléeṣẹ́ mìíràn. Alàájì kì í gbé nọ́ńbà tí kò mọ̀. Ọlọ́run mi! Irú orí kunkun wo lèyí?

Àbídì lọ bẹ àwọn ààfáà kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ṣe sùúrù títí ìrun Alásàrí fi kọjá. Ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kí òkú sùn síta.

Nírọ̀lẹ́, Àbídì padà wá wò ó bóyá Bùọ̀dá ti pè. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lápá ẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù mi dún.

"Ó yá, Ràhmọ̀t," Alàájì ní, "kí ló tún bàjẹ́?"

Mo na fóònù sí Àbídì.

"Bùọ̀dá," ó ní, "a dúró dè yín títí. A ti sin ìyá wa."