Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò tí wọ́n fi ìyàwó kan sí nínú ẹbí, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú láti bi ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó wo ẹni tó ń gbé ẹrù.

Ní gbogbo Sátidé oṣù kẹjọ, bí ọkọ̀ Màmá Adédìran bá ti dúró níwájú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, Tèmídayọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, báàgì Màmá nìkan ló máa ń wà lápá rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ló máa ń gbẹ̀yìn, kúlà oúnjẹ á wà lórí rẹ̀, ẹní á wà lábíyá, kòkò omi á wà lọ́wọ́. Ìyàwó ọmọ Màmá ni àwọn méjèèjì. Adédìran, àkọ́bí, ló fẹ́ Tèmídayọ̀. Dàmọ́lá, àbúrò rẹ̀, ló fẹ́ Jùmọ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ká tètè là á kó yéni: Jùmọ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ ilé Màmá ní Tudun Wada, nílùú Jos. Ó ti bí Ànú, ọmọ náà sì ti ń sáré kiri àgbàlá, kí Adédìran tó lọ mú Tèmídayọ̀ wá láti Adó-Èkìtì.

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí à ń wí yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n to ère sínú gíláàsì. Ilé ayé àtijọ́ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, ti oríṣiríṣi ẹ̀yà, amọ̀ ni ògiri, koríko ni òrùlé. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti gba ọlidé gígùn, àwọn ẹbí á máa wá ní Sátidé, wọ́n á jọ gbé ayé àwọn baba ńlá wọn fún ọjọ́ kan. Wọ́n á gún iyán, wọ́n á hun ẹní, àwọn ọmọ á ta ayò. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, àlejò á wá láti gbogbo ìlú Jos, ilé kọ̀ọ̀kan á sì fi bí wọ́n ṣe ń gba àlejò láyé àtijọ́ hàn wọ́n. Ọwọ́ Màmá Adédìran ni agbo ilé Yorùbá wà. Tíṣà ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ni ìjọba gbé e wá sí Plateau láti Èkìtì, kò sì gbà kí Jos yí ahọ́n òun padà títí dòní.

Ahọ́n Jùmọ̀kẹ́ wá ńkọ́? Jos ni wọ́n bí i sí, Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Dogon Dutse ló dàgbà sí, láàárín àwọn ọmọ tó ń fi Hausa ṣeré, tí wọ́n ń fi Hausa jà. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí ìrẹsì tí wọn ò ṣà dáadáa: ó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n eyín á máa kan òkúta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àlejò bá dé sí Tudun Wada, Tèmídayọ̀ ni Màmá ń pè sí pálọ̀ kó wá kí wọn, Jùmọ̀kẹ́ á sì wà nídìí ìkòkò. Ó ń dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé egungun.

Ní Sátidé tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àlejò dé, Màmá pín iṣẹ́. Ó ní ìyálé ni yóò jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, òun ni yóò kí àlejò káàbọ̀, òun ni yóò sì máa pàṣẹ fún ará ilé.

"Tèmídayọ̀, ìwọ ni ìyálé," ni Màmá wí.

Jùmọ̀kẹ́ gbé ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ńkọ́, Màmá?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni tìẹ. Ìwọ lo máa pọnmi. Ìyẹn ò gba ọ̀rọ̀ sísọ."

"Màmá, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé."

"Eré là ń ṣe, ìwọ ń sọ ti wíwọlé. Ìyàwó àkọ́bí mi ni Tèmídayọ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá. Tí àlejò bá dé, tí ìwọ wá ń sọ sannu-sannu fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé Yorùbá, ojú ta ni yóò tì?"

Tèmídayọ̀ wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má bínú sí i jù. Ẹni tí wọ́n bá fi ìjókòó lọ̀, èèyàn mélòó ló ń béèrè ẹni tó ni ín?

Nílé, Dàmọ́lá ní kí ìyàwó òun fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé eré lásán ni.

"Tó bá jẹ́ eré lásán ni, kí ló dé tí wọn ò lè fún mi?" ni Jùmọ̀kẹ́ bi í. Dàmọ́lá wá rìmóòtù lọ.

Ànú ló wá fọwọ́ kan ojú egbò náà. Ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń fọ kúlà, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn Àǹtí Tèmídayọ̀ lẹ jẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọ náà kò fi ṣe àbùkù. Ohun tójú rẹ̀ rí ló ń béèrè. Jùmọ̀kẹ́ da omi kúlà nù, ó ní rárá. Ó wá rò ó pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun ò sì ní í dákẹ́ mọ́ lójú ọmọ yìí.

Nǹkan kan wà tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa Jùmọ̀kẹ́. Nígbà tó dé ilé ọkọ, Adérìnsọ́lá, àbíkẹ́yìn Màmá, ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ìkókó ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo lọmọ Dogon Dutse ti fẹ́ rí Ìbàdíàrán àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ táwọn ìyàwó ilẹ̀ wa ń pè? Ó wo ọmọ náà, ó rí i pé ó lẹ́wà, ó bá pè é ní Kyakkyawa. Arẹwà ni Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Títí Adérìnsọ́lá fi wọ yunifásítì, kò pè é ní nǹkan mìíràn. Màmá a máa yínmú sí orúkọ yẹn, á ní irú orúkọ wo nìyẹn. Nígbà tí Tèmídayọ̀ elédè dídán wá dé, "Sọlá" ló ń pè é gbangba, Màmá ò sì bá a wí.

Sátidé tí à ń retí pé. Kùrukùru bo orí àpáta, òtútù ń mú, àwọn àlejò wọ súwẹ́tà wá. Jùmọ̀kẹ́ wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú kòkò omi rẹ̀. Tèmídayọ̀ ti jókòó sórí ẹní. Màmá dúró níwájú àwọn èèyàn, ó ń la ètò ilé Yorùbá yé wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tí tíṣà bá ti rí ẹni tó ń gbọ́, ó parí.

"Nínú agbo ilé," ni Màmá wí, "a kì í fi ọjọ́ orí mọ ìyálé, a kì í fi owó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá kan láàárín àwọn àlejò nawọ́. "Màmá, tó bá jẹ́ pé àbúrò ló kọ́kọ́ gbéyàwó, kí ẹ̀gbọ́n tó gbé tirẹ̀ ńkọ́?"

Màmá wo ojú ẹni tó béèrè. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ kò dáa. "Ìyàwó àbúrò náà ni," ló fi dáhùn. "Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé náà ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Jùmọ̀kẹ́ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó sọ kòkò kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó lọ dúró níwájú ẹní.

"Dìde, ìyàwó," ló wí. Kò pariwo.

Tèmídayọ̀ wo ojú Màmá. Ṣùgbọ́n ẹnu Màmá lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àwọn àlejò rò pé ara eré ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tèmídayọ̀ dìde, Jùmọ̀kẹ́ sì jókòó.

"Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa," ló wí. "Sannunku da zuwa. Èmi Jùmọ̀kẹ́ ni ìyálé ibí. Yorùbá mi ń kọsẹ̀, ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣáájú mi wọlé yìí nínú àwa ìyàwó. Ẹ jókòó, omi ń bọ̀." Ó yíjú sí Tèmídayọ̀. "Ìyàwó, bá mi pe ọmọ ilé, kó bu omi fún àlejò."

"Sọlá," ni Tèmídayọ̀ pè.

Àwọn ìyá tó wà níjòókòó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan ní ìyàwó wo ló ń pe ọmọ ọkọ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Màmá wolẹ̀, ó ń fi ìka yí etí gèlè rẹ̀. Tèmídayọ̀ la ẹnu, kò rí orúkọ mìíràn pè, torí kò wá ọ̀kan rí.

"Kyakkyawa," ni Jùmọ̀kẹ́ pè.

"Ẹ̀ẹ̀n, mò ń bọ̀," ni Adérìnsọ́lá dáhùn láti inú ilé. Ó gbé igbá omi jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá tó béèrè ìbéèrè gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún, ó ní ìyálé, ilé yín á tòrò.

Nígbà tí àlejò tú ká, Màmá dá Jùmọ̀kẹ́ dúró níwájú ògiri amọ̀. "O dójú tì mí lónìí."

Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, nítorí ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lójú Màmá. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò sọ ohun tẹ́yin fúnra yín ò kọ́kọ́ sọ. Ahọ́n mi ló ń kọsẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò pẹ́ dé."

Ó dìde, ó di ọwọ́ Ànú mú, ó kọjú sí géètì. Kò gbé nǹkan kan. Kúlà wà nílẹ̀, ẹní wà nílẹ̀, kòkò wà nílẹ̀. Tèmídayọ̀ dúró tì wọ́n pẹ̀lú báàgì Màmá lápá, ó ń wo ẹ̀yìn Jùmọ̀kẹ́, ó ń retí kó padà wá kó wọn.

Màmá wo ẹrù, ó wo Tèmídayọ̀. Ó na ọwọ́, ó gba báàgì rẹ̀ kúrò lápá ìyàwó àkọ́bí.

"Kí lò ń wò?" ló bi í. "Ṣé ìyálé rẹ lo fẹ́ kó gbé e ni?"

Jùmọ̀kẹ́ gbọ́ ọ. Omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ ìró ìdérí kúlà bí ẹlòmíì ṣe ń gbé e sórí.