Oúnjẹ Tó Ń Mú Egbò Jiná

Ọlọ́run ló mọ ẹni tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò ní olùtọ́jú. Àgbà mi ni, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ "wọ́n" lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí mo kúrò ní ọsibítù ló gbẹ́rù dé, ó ní ọmọ ìyá ẹni kì í dùbúlẹ̀ kéèyàn máa wò ó níran. Káfíńtà ni mí. Orí àkàbà ni mo ti já bọ́ tí wọ́n fi la itan mi, tí wọ́n ki irin bọ̀ ọ́. Dókítà kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, pé kí n máa jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti èso dáadáa, torí bí egbò náà ò bá jiná, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ń lọ sọ́jà, ó ń dáná, àdúgbò ń yìn ín. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń gbọ́ bí ẹyin ṣe ń dún ṣàà nínú epo. Omi ọbẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run: ọ̀fun tiẹ̀ ni, ọ̀run tèmi. Ó ní ẹja kì í dà nínú ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo ní n óò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ló máa gbé mi lọ sílé ìyàgbẹ́ lọ́la. Mo sunkún bí ọmọdé. Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Nígbà tó gbé mi padà lọ sọ́sibítù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, tèmi ti joro. Dókítà ṣí egbò, ó béèrè ohun tí mò ń jẹ. Mo ní omi ọbẹ̀ ni, pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ ìyókù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá mi dúró, kí wọ́n bọ́ mi ná, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú. Ó ní oògùn ìrora ti da orí mi rú, pé òun gan-an ń febi sùn nítorí mi.

"Dókítà, kí ni mi ò sè fún un? Ẹsẹ̀ yẹn ló ń jẹ oúnjẹ mọ́ ọn lára. Ẹ bá mi gé e, kí àbúrò mi lè sanra."

Omi dà lójú nọ́ọ̀sì kan. Dókítà ní bí ẹni tó ń jẹun tó báyìí bá ṣì ń jẹrà, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà ti kú. Nígbà tó jẹ́ pé orí mi ti dàrú lójú wọn, ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ síwèé. Wọ́n gé e.

Nígbà tí mo jí, dókítà ń ṣàlàyé fún un pé ojú ibi tí wọ́n gé náà gbọ́dọ̀ jiná: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, kó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí sókè sódò, ó ń dá itọ́ mì.