Bàálù Tí Wọ́n Ní Yóò Rì

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Ìyá Onírúlà fi ń wá àwọn bàálù ojú omi tí àwọn ará Ítálì yà sórí bébà ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣe jáde rí. Ọgbọ̀n ọdún tó fi ya àwòrán ilé jẹun ló fún un ní orúkọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàálù tí kò fò rí, tí kò kan omi rí, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé tó kọ lórí àwọn bàálù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ìtẹ̀wé.

Àfi bí ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ní kó yẹ ìwé náà wò ṣe fa gègé pupa gba orí kẹfà kọjá. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́fà, èyí tó fẹ́ràn jù, ni orí náà dá lé. "Ikùn rẹ̀ tó yẹ kó gbé e léfòó kéré jù. Yóò rì. Ẹ yọ ọ́." Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyẹn, ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò mọ omi í wẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí yóò rì. Ọ̀sán ọjọ́ náà sì ni ìwé ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Ìyá Onírúlà gbaná jẹ. Ó ká ojúlówó àwòrán bàálù náà, ó di ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé yóò rì?"

"Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n dáadáa, màmá."

"Ẹ wọn bébà? Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ti sọ di kékeré ló wà lọ́wọ́ yín yẹn! Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá wọn bébà dípò kó ka nọ́ńbà, ilé ló ń lọ. Nọ́ńbà rèé."

Mítà mẹ́rin ni ọkùnrin ará Ítálì tó ya bàálù náà kọ sí ìbú ikùn rẹ̀. Mítà mẹ́ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣe ìṣirò. Ó fi mẹ́rin tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dáa, yóò léfòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màmá. Wọn ò kúkú ṣe é jáde, ẹni tó yà á sì ti kú. Òkú ò mọye a ràgọ̀."

"Òkú ò mọ̀, sà. Èmi mọ̀."

Ó fa àga, ó jókòó, ó ti gègé pupa náà sí iwájú ọ̀jọ̀gbọ́n. "Wọ́n kọ̀ láti ṣe é fún un nígbà ayé rẹ̀. A ò ní rì í fún un lẹ́yìn ikú. Ẹ kọ ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ilẹ̀kùn, ó wo aago, ó mú gègé. "Yóò léfòó," ló kọ. Ó fẹ́ gbé gègé sílẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí i, sà," ni Ìyá Onírúlà wí. "Bí ẹ ṣe fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́."